Ọ̀pá Aṣọ́gbà Ààfin

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́dún tí wọ́n kó àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ wo ààfin ọba Ṣábẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ka gbólóhùn yìí á fẹ́ dá mi dúró kó béèrè pé ta ló ń mú àdá lọ wo ààfin. Ìbéèrè náà dára. Ìyá Àgbà mi náà béèrè rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, inú ìbéèrè náà sì ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti jáde. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò sì fẹ́ràn kí ìtàn fò láti orí igi kan sí òmíràn. Ẹ fara balẹ̀ kí n tò ó fún yín.

Ilé wa fẹ̀yìn ti ògiri ààfin. Amọ̀ pupa kan náà ni wọ́n fi mọ méjèèjì, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kì í gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ààfin ló gbé ilé wa ró, bí ààfin bá yẹ̀ díẹ̀, orí wa ni òrùlé máa wó lé. Òun ló bí ìyá mi. Ọmọ ọba ni, òun ló sì dàgbà jù nínú àwọn obìnrin ìdílé náà. Kò sí àárọ̀ tí a ó pọn omi dé tí kò ní rán wa létí pé ọmọ ọba ni òun, bí ẹni pé omi ló béèrè. Tábà ló ń tà lójúde, ṣùgbọ́n ó ní òun kì í tajà, àwọn èèyàn ló ń wá kí òun, tí wọ́n sì ń gbàgbé owó sílẹ̀. Ohùn tó ń jí mi lójoojúmọ́ ni ti odó ìyá mi, ti ọkọ̀ ojú irin tó ń fọn fèrè níbùdókọ̀, àti ti àwọn ewúrẹ́ ààfin tó ń yọ́ gba abẹ́ ògiri wá jẹ èèpo iṣu wa. Lẹ́yìn ewúrẹ́ ni Bàbá Ṣàbí máa ń dé. Bàbá arúgbó kan ni, etí rẹ̀ ti di, iṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo láyé ni kó máa lé ewúrẹ́ jáde nínú ọgbà ọba. Aṣọ́gbà ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ọgbà ló ń ṣọ́. Ọ̀pá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Àwọn ewúrẹ́ mọ ọ̀pá náà ju bí wọ́n ṣe mọ olówó wọn lọ. Bí wọ́n bá ti rí orí rẹ̀ ní ìkòríta, ẹsẹ̀ wọn kì í kan ilẹ̀ mọ́.

Bàbá mi kì í ṣe ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́. Láti Ìpóbẹ̀ ni wọ́n ti gbé e wá kọ́ni níbí, ìyá mi ló sì dá a dúró. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni kí wọ́n tún gbé e lọ sí òkè ọ̀hún ní àríwá, níbi tí kò ní sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ tàbí tó mọ iyán gún. Lọ́dún yẹn ìjọba ológun ti fi ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kó gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀, ó sì ti sọ gbogbo wa di kámárádì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́ ara wa. Rédíò ń pè wá ní kámárádì láàárọ̀, olùkọ́ ń pè wá bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tó yá a bẹ̀rẹ̀ sí í pe ajá bẹ́ẹ̀. Bàbá á dúró níwájú dígí, á di ẹ̀ṣẹ́ sókè, á fi Faransé kí ara rẹ̀ bí ẹgbẹ́ ṣe ní ká máa kíra. Lẹ́yìn ìyẹn á jáde sí àgbàlá, á dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ẹ̀ṣẹ́ tó dì náà ni yóò sì fi gbára lé ilẹ̀. Nígbà yẹn mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé ìdajì ìlú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdajì tó kù kò ní dígí.

Ẹni tó ń ṣojú ẹgbẹ́ náà ládùúgbò wa ni Kámárádì Délégéè. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kéré, fìlà rẹ̀ tóbi. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè kó tó rin inú ẹrẹ̀. Òun ló wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa tó kéde pé “ẹ” tí à ń fi bá àgbà sọ̀rọ̀ ti kú. Ó ní Rẹfolúsíọ̀n, ìyípadà tí ìjọba náà mú wá, ti mú gbogbo èèyàn dọ́gba, “o” ni ká máa wí fún gbogbo ayé. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọmọ kíláàsì mi kan sọ fún un pé, “Kámárádì, o ò so bọ́tìnnì ẹ.” Wọ́n nà án. Bàbá mi ló wá ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé “o” yẹn wà fún àwọn ọba àti àwọn olóyè, kò tíì kan Délégéè.

Nídìí iyán alẹ́ ọjọ́ kan ni Bàbá ti sọ pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa lọ wo ààfin àti ọgbà rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Inú Ìyá Àgbà dùn. Ó ní ó ti pẹ́ tó yẹ kí wọ́n kó àwọn ọmọ wá kí àwọn. Bàbá gbé òkèlè ńlá kan sẹ́nu, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣé ó ku ìdajì ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀, mo múra tán, mo lọ mú àdá mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe.

“Níbo lò ń lọ?” ni Ìyá Àgbà bi mí.

“Ààfin ni, Ìyá Àgbà. A fẹ́ lọ wò ó.”

“Ojú ni mo mọ̀ tí wọ́n fi ń wo nǹkan. Àdá ńkọ́?”

Mo wo Bàbá. Bàbá wo rédíò.

“Ọkọ ọmọ mi,” ni Ìyá Àgbà wí, “ẹ̀yin lẹ kàwé. Wíwò wo ló ń fẹ́ àdá?”

“Ìyá, iṣẹ́ díẹ̀ ni. Kámárádì Délégéè ló ní ká ro ẹ̀yìn ààfin, ká fi ṣe oko kóóperatíìfù ilé ẹ̀kọ́. Àgbàdo díẹ̀ la fẹ́ gbìn.”

“Nínú ọgbà ọba? Igi tó wà níbẹ̀ ńkọ́?” Bàbá tún yíjú sí rédíò. “Akòko ńkọ́, ọkọ ọmọ mi?”

“Òun gan-an ló ní ká kọ́kọ́ gé. Ó ní igi féódáàlì ni.”

“Ta ló fẹ́ ọ̀dàlẹ̀?”

“Féódáàlì, Ìyá. Faransé ni. Ó túmọ̀ sí ìjọba àwọn ọba àtijọ́.”

“Mo gbọ́ ohun tó wí. Ẹ sọ fún un pé èmi ò fẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Àgbẹ̀ ni mo fẹ́, ọmọ Kaboua, ó sì sìn mí títí ó fi kú. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀dàlẹ̀ kó lọ bi ìyàwó rẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín, ìyá mi fi ọmọ odó gbá mi ní ìdí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ewé akòko ni wọ́n máa ń fi sórí ẹni tó bá jẹ oyè nílẹ̀ wa. Láìsí ewé yẹn, fìlà lásán ni ẹni náà dé. Akòko kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n, mo gbà, àwọn ará Sakin ń gbìn ín yí oko iṣu ká. Àmọ́ ara èyí tó wà nínú ọgbà ààfin ni wọ́n ti ń já ewé ọba láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa lè rántí, kò sì sí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá lọ já a níbòmíràn. Bí Bàbá bá gé e, yóò máa gbé láàárín ìlú tí kò ní dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́, nínú ilé ìyá ìyàwó tí kò ní gbàgbé láéláé. Bí kò bá gé e, Délégéè á gbé e lọ sí òkè ọ̀hún kí òjò tó rọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò sùn. Ìyá Àgbà kò pariwo. Ó kàn sọ fún ìyá mi pé, “Bá mi mú gèlè aláró mi wá.”

Ní ẹnu ọ̀nà ààfin, a bọ́ bàtà wa. Àṣà ibẹ̀ ni, Bàbá sì ti bọ́ tirẹ̀ kó tó rántí pé kámárádì ni òun. Délégéè kò bọ́ tirẹ̀. Ó ní bàtà Rẹfolúsíọ̀n kì í bọ́, ó sì tẹ ìgbẹ́ ewúrẹ́ ní àgbàlá àkọ́kọ́. Wọ́n ní Kábíyèsí ń sinmi. Lásìkò yẹn, ìsinmi ni iṣẹ́ tó bá ọba lára mu jù. Bàbá ló ń ṣamọ̀nà wa, ohùn méjì ló sì fi ṣe é. Ó máa pariwo ní Faransé pé ibí yìí ni wọ́n ti ń fìyà jẹ àwọn tálákà, lẹ́yìn náà á tẹ̀ ba, á sọ fún wa ní Yorùbá pé ká má fara kan òpó yẹn, àwọn tó ju ọba lọ ló gbẹ́ ẹ. Mo rí òrùka irin lára ògiri níbi tí wọ́n ti ń so ẹṣin ọba. Ẹṣin ti kú tipẹ́, òrùka ń dúró dè é. Mo rí ilẹ̀ tí wọ́n fi èkúrọ́ tẹ́, tó ń dán bí ẹ̀yìn ìjàpá. Mo rí adìẹ kan tó sàba sórí ìtẹ́ tí àwọn ìjòyè ti máa ń jókòó. Délégéè náà rí i, ó sì ní ìyẹn ni ìlò tó dára jù tí òun tíì rí fún ààfin. Lóòótọ́ adìẹ yẹn níyì lójú mi ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, torí pé òun mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà la dé ọgbà. Ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan kan ṣe níbí. Nínú ìwé Faransé tí à ń kà, ọgbà jẹ́ ibi tí òdòdó ti tò bí ọmọ ogun, tí ọmọdébìnrin kan sì ń fi agbè wọ́n wọn lómi. Irú rẹ̀ ni mo ń retí, irú rẹ̀ ni Délégéè náà ń retí. Odán la bá, tí abẹ́ rẹ̀ tutù bí inú àmù. Pèrègún tó tò ní ẹ̀bá ògiri, obì, ìyeyè, ewúro tí àwọn ayaba fi ń se ọbẹ̀, àti akòko náà láàárín, tó ga, tó sì tọ́. Délégéè wò yíká. “Níbo ni àwọn òdòdó wà?” Ọgbà tí ènìyàn kò lè jẹ, tí kò lè fi wo àìsàn, tí kò lè fi jọba, kí la fẹ́ fi ṣe? Mo ti rí ọgbà òdòdó púpọ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n dára. Ebi ń pa ènìyàn níbẹ̀.

Ìyá Àgbà ti ṣáájú wa débẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí lábẹ́ akòko, gèlè aláró lórí, bí ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀.

“Kámárádì Ìyá, dìde níbẹ̀,” ni Délégéè wí. “A fẹ́ ṣiṣẹ́.”

“Ìwọ ta ni?” ni Ìyá Àgbà dáhùn.

Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn. Òun ló pa “ẹ” lóòótọ́, àmọ́ kò dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni tíì gbé òkú rẹ̀ wá bá a nílé.

“Èmi ni Délégéè.”

“Mo gbọ́. Ọmọ ta ni ọ́?”

“Ọmọ Rẹfolúsíọ̀n ni mí.”

“Kú orí ire. Ṣé ó fún ọ lọ́mú dáadáa?”

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, Bàbá wúkọ́ kí a má baà gbọ́ tirẹ̀. Délégéè yíjú sí i. “Kámárádì Olùkọ́, kí làwọn ọmọ ń dúró dè? Gé igi yìí.” Bàbá lanu. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ,” ó sì ń wá ibi tó máa wò. Iwájú ni mo wà, àdá wà lọ́wọ́ mi, ojú mi ló sì bá. Títí dòní, bí mo bá rí ẹni tí ọ̀nà méjèèjì dí mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú bàbá mi lọ́jọ́ náà ni mo máa ń rántí.

“Ẹ jẹ́ kó gé e,” ni Ìyá Àgbà wí, ó sì mí kanlẹ̀. “Ohun tó dùn mí ni pé kò sí Aṣọ́gbà. Bí Aṣọ́gbà bá wà, òun nìkan ló ní àṣẹ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà yìí. Kábíyèsí pàápàá ò gbọ́dọ̀ já ewé kan láìbi í.”

“Ta ní ń jẹ́ Aṣọ́gbà?”

“Oyè ni. Àyè rẹ̀ ṣófo. Ẹni tó kàwé là ń wá sí i, tó lè bá ìjọba sọ̀rọ̀. A wá a dé Òkpàrà, a ò rí.”

“Àṣẹ lórí ọgbà nìkan?”

“Kí ni wọ́n ń pè ní ọgbà? Ohun tí ògiri bá yí ká ni ọgbà.”

Délégéè fi ojú tọ ògiri lọ, ó tọ̀ ọ́ títí ó fi yí gbogbo ààfin po. “A ti fòpin sí oyè,” ló wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

“Òótọ́ ni,” ni Ìyá Àgbà wí, ó sì dìde lórí àpótí, òun tí kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. “Ẹ ti fòpin sí i. Ẹ jókòó ná, oòrùn ń pa yín.”

Mo gbọ́ “ẹ” yẹn. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ni ní gírámà, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣe tó bẹ́ẹ̀: ọkùnrin náà jókòó bí ẹni tí wọ́n gé iṣan orúnkún rẹ̀. Ó wo Bàbá. “Kámárádì Olùkọ́, bí Rẹfolúsíọ̀n bá fẹ́ borí féódáàlì, ṣé kò yẹ kó gba àyè wọn láti inú?”

“Ó yẹ gan-an, Kámárádì,” ni Bàbá wí. Mi ò tíì rí i kó gba ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí.

Délégéè fúnra rẹ̀ ló ṣí fìlà. Ìyá Àgbà já ewé kan, ó fi sí i lórí, ó bá a dé fìlà lé e. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí wọ́n ṣe ń joyè ní Ṣábẹ̀ẹ́ nìyẹn. Obìnrin kan kì í dá a ṣe lẹ́yìnkùlé lójú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ewé lásán ni; ó kàn bọ́ sórí tó ti ń wá a tipẹ́. Lásìkò náà ni Bàbá Ṣàbí lé ewúrẹ́ kan dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá Àgbà gba ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Délégéè. “Oyè kì í wà láìní ọ̀pá àṣẹ.”

“Ṣé wọ́n ti jẹ ewúro náà ni?” ni Bàbá Ṣàbí béèrè.

Ìyá Àgbà pariwo sí i létí. “Wọn ò jẹ ẹ́. Ẹ lọ sinmi. Ẹ ti ní arọ́pò.”

Bàbá Ṣàbí wo Délégéè láti orí fìlà dé bàtà tó tẹ ìgbẹ́. “Ǹjẹ́ ó lè sáré?”

“Kí ló wí?” ni Délégéè bi Ìyá Àgbà.

“Ó ń súre fún yín.”

Ikọ́ kan ta láti ẹ̀yìn fèrèsé ààfin, ó ta fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó ń sinmi ò sùn.

Aṣọ́gbà dìde. Ó na ọ̀pá sí akòko, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fi àdá kàn án á rí òun. Ó ní ká ro ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi àdá tí a mú wá gé igi tún abẹ́ igi náà ṣe, Bàbá sì ń ro pẹ̀lú wa, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. Lálẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀. Ìyá Àgbà ní kó dìde wá jẹun, kó sì dẹ́kun dídùbúlẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ ọ̀dàlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni “ẹ” ti jí dìde ládùúgbò wa, pàápàá fún Délégéè. Ẹni tó bá ń wá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ á kí i ní Aṣọ́gbà, á sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, á bú féódáàlì títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, á sì máa fi ọ̀pá náà lu ilẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Kò sí àgbà kan tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀. “Adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà,” ni Ìyá Àgbà máa ń wí, á sì bu tábà. Àwọn ewúrẹ́ nìkan ni kò mọ ìwà ọmọlúàbí. Nígbàkígbà tó bá yọ ní ìkòríta pẹ̀lú ọ̀pá náà, gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò á fò sókè, wọ́n á sá, wọ́n á da ìkòkò nù, wọ́n á gba abẹ́ ògiri kọjá. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà dúró, tó fi ọwọ́ kan fìlà rẹ̀, tó sì sọ pé, “Kámárádì Olùkọ́, ṣé o rí i? Ẹranko pàápàá mọ olóyè.” Bàbá ní òun rí i.

Ìjọba yẹn ti lọ. Àwọn tó ń di ẹ̀ṣẹ́ sókè ti da agbádá sí èjìká, wọ́n ń ná oyè bí ẹni ń ná iṣu. Akòko ṣì wà níbẹ̀, mo sì lọ wò ó lọ́dún tó kọjá, láìmú àdá. Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, pàápàá ẹ̀yin tí mo kọ́ ní kíláàsì tí ẹ ti di ẹni ńlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ohun kan ṣoṣo lára rẹ̀ fún mi. Bí wọ́n bá na ọ̀pá oyè sí yín, ẹ má wo ẹni tó nà án, ẹ má sì wo àwọn tó ń pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ewúrẹ́ ń ṣe.